Ṣé ìbáwí Ọlọ́run ni gbogbo èyí, àbí kí ni?

Aláṣọ Gbági

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú bó bá gùn díẹ̀.

Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, n'Íbàdàn. Láti ọdún tó kọjá ni nǹkan ò ti rọgbọ. Ilé iṣẹ́ tí baálé mi ń bá ṣiṣẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n ní kó máa lọ. Ọmọ wa obìnrin ṣe JAMB, máàkì rẹ̀ ò tó fún ohun tó fẹ́ lọ kà. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ìjì àkọ́rọ̀ òjò ṣí òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi. Ọjà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kó ló wà níbẹ̀. Aró ara àdìrẹ tí mo tò sókè ṣàn sórí léèsì funfun tó wà nísàlẹ̀, mo fọ̀ ọ́ títí, kò lọ.

Níbi ìpàdé àwọn obìnrin, màmá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní: "Ọlọ́run ń bá ẹ wí o. Lọ wá ohun tó o ṣe rí." Wọn ò fi ìkà sọ ọ́, ojú àánú ni wọ́n fi ń wò mí. Mo ti wá a. Mo mú bébà, mo kọ gbogbo ohun tí mo rántí láti ìgbà ọmọdé, mo jẹ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ohun tó yí padà. Ní báyìí, ẹ̀rù àdúrà ń bà mí. Bí mo bá ti kúnlẹ̀, ohun tó máa ń sọ sí mi lọ́kàn ni pé, "Èwo ló tún kù?"

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé ìbáwí Ọlọ́run ni ohun kan? Bó bá sì jẹ́ òun ni, kí ni kí n ṣe?

Kápẹ́ńtà Òrùlé

Ẹ kú àdánù o, mà. Olúwa á fi èyí tó dáa rọ́pò. Iṣẹ́ òrùlé ni mò ń ṣe, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kọ́kọ́ béèrè: ṣé tiyín nìkan ló ṣí ni?

Aláṣọ Gbági

Rárá o. Ní ìlà tiwa nìkan, ó ju márùn-ún lọ. Alhájà tó ń ta aṣọ ìkélé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tirẹ̀ burú ju tèmi lọ.

Kápẹ́ńtà Òrùlé

Mo rò bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó máa ń ṣáájú òjò oṣù kẹta sí ìkẹrin kì í ṣe kékeré. Bí páànù bá tín-ín-rín, tí ikán ti jẹ igi tí wọ́n kàn án mọ́, afẹ́fẹ́ á gba abẹ́ ètí rẹ̀ wọlé, á gbé e lódindi. Ẹ jẹ́ kí onílé mú ẹni tó máa yẹ igi yẹn wò kí wọ́n tó kan tuntun lé e, kí wọ́n sì fi ìṣó tó gùn kàn án. Bí igi bá ti jẹrà, páànù tuntun kò ní dúró lórí rẹ̀.

N ò sọ pé Ọlọ́run ò mọ̀ sí ìjì o. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kà ni Lúùkù orí 13. Ilé ìṣọ́ kan wó ní Sílóámù, ó pa èèyàn 18. Jésù fúnra rẹ̀ ló mẹ́nu bà á, ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà níbẹ̀ bóyá wọ́n rò pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tó kú yẹn ju ti gbogbo ará Jerúsálẹ́mù lọ. Ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó wá sọ fún àwọn tó dúró tì í pé kí àwọn náà ronú pìwà dà. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òkúta tó wó lu ẹnì kejì díwọ̀n ẹ̀ṣẹ̀ onítọ̀hún.

Olùkọ́ Àgbà

Kápẹ́ńtà, o ṣeun. Olúwa á bù kún ọwọ́ rẹ.

Arábìnrin wa, ẹ kú ìfaradà. Ọ̀rọ̀ tí màmá yẹn sọ fún yín, inú Hébérù orí 12 ni ọ̀pọ̀ wa ti ń mú un: "Nítorí pé ẹni tí Olúwa fẹ́, òun ni í báwí." Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo àwọn tí wọ́n kọ ìwé náà sí. Ẹ ṣí orí 10, ẹsẹ 32 sí 34. Wọ́n ti fi àwọn èèyàn yìí ṣẹ̀sín ní gbangba. Wọ́n ti kó wọn lẹ́rù lọ, wọ́n sì fara mọ́ ọn pẹ̀lú ayọ̀. Wọ́n dúró ti àwọn tó wà lẹ́wọ̀n. Kí ló fa gbogbo wàhálà yìí? Ìgbàgbọ́ wọn nínú Kristi ni. Wọ́n ń jìyà nítorí ohun rere tí wọ́n ṣe.

Àwọn yẹn gan-an ni òǹkọ̀wé náà sọ fún pé kí wọ́n má ṣe aláìnání ìbáwí Olúwa. Kò sọ fún wọn níbì kankan pé kí wọ́n lọ wá ẹ̀ṣẹ̀ tó jẹ́ kí wọ́n kó wọn lẹ́rù. Ó ní kí wọ́n bọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó ń dì mọ́ wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì máa sáré lọ, nítorí wọ́n ṣì wà lójú ọ̀nà. Ohun tó ń sọ fún wọn ni pé ọwọ́ Baba wà nínú ìyà tí àwọn ọ̀tá fi ń jẹ wọ́n, Ó ń fi tọ́ wọn dàgbà. Ẹsẹ 10 sọ ibi tó ń mú wọn lọ: kí wọ́n lè ní ìpín nínú ìwà mímọ́ rẹ̀.

Ẹ tún wo Jésù. Orí 5, ẹsẹ 8 sọ pé bó tilẹ̀ jẹ́ Ọmọ, ó kọ́ ìgbọràn nípa ohun tí ó jìyà. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni Jésù dá? Bí gbogbo ìyà bá jẹ́ owó ìtanràn fún ẹ̀ṣẹ̀ kan, báwo la ṣe máa ka ẹsẹ yìí? Ìyà ẹ̀ṣẹ̀ tiwa náà ti lọ sórí rẹ̀. Ìsáyà 53 sọ pé ìnà àlàáfíà wa wà lára rẹ̀. Ọlọ́run ò tún ní wá gba ẹ̀san yẹn lọ́wọ́ aláṣọ kan ní Gbági.

Ẹ kíyè sí i pé ọ̀nà méjì ni Hébérù 12:5 sọ pé èèyàn lè gbà ṣi ìbáwí gbà: kéèyàn má kà á sí, tàbí kéèyàn rẹ̀wẹ̀sì lábẹ́ rẹ̀. Ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ la sábà máa ń gbọ́ lórí àga ìwàásù. Èkejì ni tiyín.

Ọmọ Ìjọ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ ò mẹ́nu ba ìdámẹ́wàá. Málákì 3 sọ pé bí a bá mú un wá, Ọlọ́run máa bá ajẹnirun, ìyẹn ohun tó ń jẹ ohun ìní èèyàn run, wí nítorí wa. Láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ baálé yín, ṣé ẹ ṣì ń san án pé? Mi ò fi ta yín o, mo kàn ní kí n béèrè.

Ìyá Mẹ́ta

Àbúrò, mo mọ̀ pé ire lo ní lọ́kàn, àmọ́ jẹ́ kí n bá ẹ sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ọrẹ dáa, ìdámẹ́wàá dáa, èmi náà ń san án. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí sọ fún wa pé òun ti kọ gbogbo ohun tí òun rántí sínú bébà. Tí a bá ń fún un ní ẹ̀ṣẹ̀ tuntun lójoojúmọ́ pé kó lọ fi kún un, ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe là ń ṣe yẹn. Àwọn náà bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Wọ́n jókòó tì í nílẹ̀ fún ọjọ́ méje láìsọ nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu pé ó ní láti jẹ́ pé ó ṣe nǹkan ni ọ̀rọ̀ bà jẹ́, bẹ́ẹ̀ Ọlọ́run ti jẹ́rìí sí Jóòbù ní orí kìíní pé olóòótọ́ ni. Ní orí 42, àwọn ọ̀rẹ́ yẹn ni Ọlọ́run bínú sí. Jóòbù ló sì ní kó gbàdúrà fún wọn.

Arábìnrin mi, ẹ má lọ yá owó lé ti ẹgbẹ́ láti fi san ohunkóhun ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ tètè lọ bá àwọn alága ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kí ọjọ́ àtisan tó pé. Ẹ gbé léèsì tó bà jẹ́ dání, kí wọ́n fojú rí i. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wá ṣàlàyé, wọ́n máa ń sún ọjọ́ fún un ju ẹni tí wọ́n wá kiri lọ. Ẹ tún fi léèsì yẹn han aláró tó mọṣẹ́. Ó lè ní kẹ́ ẹ pa gbogbo rẹ̀ láró, kẹ́ ẹ sì tà á ní ẹ̀dínwó. Owó díẹ̀ á wọlé.

Ọmọ Ìjọ

Ẹ ṣeun, mà. Mo gbọ́. Ẹ̀gbọ́n aláṣọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi wúwo sí yín lọ́kàn.

Akọrin

Mo ti ń ka gbogbo èyí bọ̀, ó tù mí nínú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra kí a má lọ fì sí òdì kejì. Ọlọ́run ń bá àwọn èèyàn rẹ̀ wí nítorí ẹ̀ṣẹ̀ o. Kọ́ríńtì kìíní, orí 11: àwọn kan ń jẹ oúnjẹ Olúwa ní ìjẹkújẹ. Àwọn tó ní lọ́wọ́ ti yó, kódà wọ́n ti mutí yó, kí àwọn aláìní tó dé. Pọ́ọ̀lù sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀ pé ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń ṣàìsàn, tí àwọn mìíràn sì ti sùn, ìyẹn ni pé wọ́n ti kú. Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe ní kọ̀rọ̀ ńkọ́? Ẹni tó ń fi ọ̀pá ìwọ̀n èké ta ọjà, tàbí tó ń tan aya ẹ̀ jẹ? Tí a bá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé "ìjì lásán ni," a ò ràn án lọ́wọ́.

Olùkọ́ Àgbà

Akọrin, òótọ́ lo sọ, ó sì yẹ kó wà níbí. Wo bí ẹsẹ 32 ibẹ̀ ṣe parí: Olúwa ń bá wọn wí kí wọ́n má bàa dá wọn lẹ́bi pẹ̀lú ayé. Ìgbàlà wọn ló ń wá, àní nínú àìsàn yẹn.

Ẹni tí mo máa ń mú wò nínú ọ̀rọ̀ yìí ni Dáfídì, nínú Sámúẹ́lì kejì orí 12. Ó ti gba aya Ùráyà, ó sì ti ṣètò kí wọ́n pa ọkùnrin náà lójú ogun. Ọlọ́run rán wòlíì Nátánì sí i. Nátánì ò wá sọ fún un pé, "Lọ wá ohun tó o ṣe rí." Ó pa ìtàn ọlọ́rọ̀ tó gba àgùntàn kan ṣoṣo tí tálákà ní, nígbà tí Dáfídì sì gbaná jẹ, ó ní, "Ìwọ ni ọkùnrin náà." Ó dárúkọ Ùráyà. Ó dárúkọ idà. Nígbà tí Nátánì fi máa jáde láàfin, kò sí ohun tó ṣókùnkùn sí Dáfídì mọ́.

Dáfídì jẹ́wọ́. Lójú ẹsẹ̀ ni Nátánì dá a lóhùn pé Olúwa ti mú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ kúrò, o kì yóò kú. Síbẹ̀, ọmọ tí aya Ùráyà bí fún un kú, idà ò sì kúrò ní ilé Dáfídì. Ibí yìí le, n kì í sáré kọjá níbẹ̀ tí mo bá ń kọ́ àwọn èèyàn. Ẹni tí Ọlọ́run ti dárí jì ṣì lè máa rìn nínú àbájáde ohun tó ṣe, kí ìdáríjì náà sì pé pérépéré. Dáfídì gbààwẹ̀ nígbà tí ọmọ ń ṣàìsàn. Nígbà tí ọmọ kú, ó dìde, ó wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, ó wọ ilé Olúwa lọ, ó jọ́sìn, ó sì padà wálé jẹun. Kò sá fún Ọlọ́run tó bá a wí. Ẹ wá ka ẹsẹ 24 àti 25. Nígbà tí wọ́n bí Sólómọ́nì, Ọlọ́run tún rán wòlíì, ó sì sọ ọmọ náà ní Jedidáyà nítorí pé Olúwa fẹ́ràn rẹ̀. Ta ló rán? Nátánì kan náà. Ẹnu tó bá Dáfídì wí ló gbé iṣẹ́ ìfẹ́ yẹn wá.

Nítorí náà, arábìnrin wa, ohun tí mo máa fi dá ìbéèrè yín lóhùn nìyí. Bí Ọlọ́run bá ń bá wa wí nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kan, Ó máa ń jẹ́ kí a mọ ohun náà, Ó sì máa ń fi ọ̀nà àtipadà hàn wá. Èyí tó ń sọ pé "èwo ló tún kù, èwo ló tún kù" lẹ́yìn tí ẹ ti jẹ́wọ́ tán, kò jọ ohùn tó bá Dáfídì sọ̀rọ̀. Jòhánù kìíní 1:9 ní bí a bá jẹ́wọ́, olóòótọ́ ni àti olódodo láti dárí jì wá. Ẹ ya bébà yẹn.

Ọmọ Àgbàtọ́

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bọ́ sí i. Ọwọ́ ìbátan kan ni mo dàgbà sí. Ó máa ń nà mí pẹ̀lú bẹ́líìtì, á sì máa sọ pé ìfẹ́ ni. Ojú àpá ṣì wà lẹ́yìn mi. Nígbàkigbà tí wọ́n bá ka Hébérù 12 ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń bọ́ síta. Ṣé ohun tí Ọlọ́run jẹ́ nìyẹn?

Ìyá Mẹ́ta

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́ gan-an ni. Rárá, kì í ṣe ohun tí Ọlọ́run jẹ́ nìyẹn.

Ẹsẹ 10 ní ibi tí o ti máa ń bọ́ síta yẹn sọ pé àwọn baba wa nípa ti ara bá wa wí bó ṣe dára lójú wọn, ṣùgbọ́n Òun fún èrè wa. Ó gbà pé ohun tó dára lójú àwọn àgbàlagbà máa ń ṣì wọ́n lọ́wọ́. Ẹkún Jeremáyà 3:33 ní kì í ṣe láti inú ọkàn rẹ̀ wá ló fi ń pọ́n ọmọ èèyàn lójú. Ìbátan rẹ yẹn, ṣé bó ṣe ń nà ọ́ tán ló ń fà ọ́ mọ́ra? Àwọn baba wa sọ pé bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì nìkan lo mọ̀.

Nígbà tí mo bá fẹ́ fún ọmọ mi tó kéré jù ní àgbo, orí itan mi ni mo máa ń gbé e sí. Á sunkún, á tutọ́, á máa ti ọwọ́ mi. Ṣùgbọ́n àyà mi ló ń sunkún lé, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń pè nínú ẹkún yẹn ju èmi náà lọ. Bí mo ṣe ń ka Hébérù 12 nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ èyí fún gbogbo ẹni tó bá ń kà á. Bí ọkọ bá ń lù ọ́ nínú ilé, bí alágbàtọ́ bá ń dá ọgbẹ́ sí ọmọ lára, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ìbáwí Olúwa kó wá ní kẹ́ ẹ máa fara dà á. Ẹ kúrò níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó yín, ẹ sọ fún ẹni tó lè gbà yín. Ọmọ Àgbàtọ́, bí o bá fẹ́, kọ sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Mo máa dáhùn.

Ọmọ Àgbàtọ́

Ẹ ṣeun, mà. Mo máa kọ sí yín.

Aláṣọ Gbági

Gbogbo yín, n ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ Nátánì yẹn, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́ àná, mo sì pe baálé mi wá kà á. Ẹ̀rù tó wà lára mi ti fúyẹ́. N ò sọ pé ó ti tán.

Ohun kan ló kù. Mo ti ń gba ààwẹ̀ láìmu omi láti fi tọrọ ìdáríjì, ó sì ku ọjọ́ díẹ̀ kó pé. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára mi, mo sì ti dá oògùn rẹ̀ dúró kí ààwẹ̀ má bàa bà jẹ́. Orí ń fọ́ mi gan-an. Ṣé kí n parí rẹ̀ ni?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Mà, ẹ dákun, ẹ má parí rẹ̀. Orí ìfẹ́ ni mo ti ń sọ̀rọ̀ o. Ẹ mu omi báyìí kí ẹ tó kà á tán.

Ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọ́dọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè ga sókè láìròtẹ́lẹ̀, ibẹ̀ sì ni àrùn rọpárọsẹ̀ ti máa ń wá. Ẹ ní orí ń fọ́ yín gan-an: ẹ má dúró di ọ̀la, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín lónìí, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn ìgbà tí ẹ lo oògùn kẹ́yìn. Ẹ má sọ pé ẹ máa lo méjì láti fi dí èyí tí ẹ fò. Bí ojú bá ń ṣú yín, bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá ń kú, bí ọ̀rọ̀ bá ń wúwo lẹ́nu yín tàbí tí àyà ń dùn yín, ẹ jẹ́ kí baálé yín sáré gbé yín lọ lójú ẹsẹ̀.

Ní ti ìdáríjì, ẹ ti tọrọ rẹ̀, Olùkọ́ sì ti fi Jòhánù kìíní hàn yín. Ọjọ́ tó kù nínú ààwẹ̀ yẹn kò fi nǹkan kan kún un. Ẹ wo Èlíjà nínú Àwọn Ọba kìíní orí 19. Ó rẹ̀ ẹ́, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun, ó sùn sábẹ́ igi. Ohun tí Ọlọ́run kọ́kọ́ rán sí i ni áńgẹ́lì pẹ̀lú àkàrà gbígbóná àti ìkòkò omi. Ó jẹ, ó tún sùn. Áńgẹ́lì tún jí i, ó ní kó tún jẹun, nítorí ọ̀nà jìn. Ẹ̀yìn ìyẹn, nígbà tó dé Hórébù, ni Ọlọ́run tó bi í pé, "Kí ni ìwọ ń ṣe níhìn-ín, Èlíjà?"

Ẹ jẹun, mà. Bí ẹ bá ti dé láti ilé ìwòsàn, ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ fún yín síbí. Mò ń bọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ láago mẹ́jọ àárọ̀, mo máa wò ó.